Ìkúnlẹ̀ Asiata

Wọ́n ní Port Harcourt ti tòrò, ẹ wá wò ó. Oṣù kẹjọ ọdún 1969 ni, ogun ò tíì tán, wọ́n ti ń gbálẹ̀ fún àlejò. Ìjọba fi ọkọ̀ kó àwọn oníwèé ìròyìn wá láti Èkó, wọ́n sì fi Sájẹ́ǹtì Adékọ̀yà ṣe atọ́nà wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó kó wọn dé èbúté, ó kó wọn dé àwọn títì tí òyìnbó gbin igi sí lọ́tùn-ún lósì, ó ní kí wọ́n wo òdòdó. Wọ́n wo òdòdó. Tàófíìkì, tó ń ya fọ́tò fún wọn, ya òdòdó títí ó fi sú u.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, làwọn àgbà wí. Ẹ ò wá rí i pé àlejò tí wọ́n fa ọwọ́ rẹ̀ kiri tún burú ju ìyẹn lọ. Tàófíìkì ò tìtorí òdòdó wá. Asiata, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló wá wá. Asiata fẹ́ Dagogo, ọmọ Kalabari tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ó sì bá a lọ sí Borokiri, àdúgbò kan ní Port Harcourt, lọ́dún 1961. Inú ọkọ̀ ojú omi ló bí ọmọbìnrin rẹ̀ sí. Ìyá Asiata tó wà l'Abẹ́òkúta sọ ọmọ náà ní Abíọ́nà, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ń pè é ní Boma. Oṣooṣù ni lẹ́tà ń wọlé. Ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1967, lẹ́tà ò wá mọ́.

"Bó bá wà láàyè, mú un wá fún mi," ni ìyá wọn wí lọ́jọ́ tí Tàófíìkì ń lọ. "Bó bá sì ti kú, sọ bó ṣe kú fún mi. Má parọ́ fún mi, Tàófíìkì. Mo ti dàgbà tó láti gbọ́ ọ."

Ó ṣèlérí.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa Adékọ̀yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dé Borokiri."

Adékọ̀yà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ yà níbẹ̀? A kì í kó àlejò lọ síbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ibẹ̀."

Sájẹ́ǹtì wo ojú rẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Mo lè gbé yín dé ẹnu títì. Wákàtí kan péré. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní inú ló ń run yín."

Bí Tàófíìkì ṣe fi ẹsẹ̀ wọ Borokiri nìyẹn. Omi ti fà, òórùn ẹrẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Ilé tó ní òrùlé ò pọ̀. Àwọn ènìyàn ti tú ilẹ̀kùn ilé àwọn tó sá lọ, wọ́n ti fi dáná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti hù nínú pálọ̀ ẹnì kan, ó ti ń so. Kámẹ́rà wà lọ́rùn Tàófíìkì, kò gbé e sójú. Ó ń tini lójú láti ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó béèrè Asiata lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó wá ní ìyàwó Dagogo ni ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe dáwọ́ dúró. Ó fi àgbọ̀n júwe ilé onípáànù kan létí omi. "Go see Mama Ibiere," ló wí, ó sì tẹjú mọ́ àwọ̀n rẹ̀ padà.

Mama Ibiere ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Ìyá arúgbó ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ó wo Tàófíìkì títí. "You be her brother," ló wí. Kò dúró gba èsì, ó fa àpótí fún un, ó sì ké sínú ilé pé, "Boma, bring water."

Ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún méje gbé kọ́ọ̀pù jáde. Imú Asiata gan-an ló wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dúró ṣánṣán, ó na kọ́ọ̀pù sí i bí ẹni ń fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan. Inú bí Tàófíìkì, ká má parọ́. Ọmọ Asiata! Asiata tó jẹ́ pé ìyá wọn fi ìkúnlẹ̀ tọ́ ọ, tí kì í kí ọmọ àná lásán ní ìdúró. Lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ, ohun tí ìyá sọ sí i létí ni pé, "Ibikíbi tó o bá ti gbọ́ èdè wa, kúnlẹ̀ kí wọn. Ará ilé ẹ ni wọ́n, wọn ò ní jẹ́ kí ìyà jẹ ọ́."

"Abíọ́nà," Tàófíìkì wí, "ṣé bí wọ́n ṣe ń fún àgbà lómi nìyẹn? Kúnlẹ̀."

Kọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri.

"No tell am that one," Mama Ibiere wí. "Na the only word of una language wey she remember."

Ó wá sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ fún un ní èdè Pijin, ó ń yí ẹja rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ni. Dagogo ti lọ sí Abuloma lọ wá ọkọ̀ tí yóò fi kó wọn sá, kò padà wá títí dòní. Obìnrin mọ́kànlá ló fara pamọ́ sí yàrá òun fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ìbọn dákẹ́ díẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn àwọn sójà lójú ọ̀nà, èdè Asiata ni wọ́n ń sọ. Asiata gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ní, "Mama, na my people be that." Ìyá arúgbó dì í láṣọ mú, Asiata rọra já ara rẹ̀ gbà.

Kò tilẹ̀ sáré. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó jáde lọ sáàárín títì, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Sójà kan ń ju ọwọ́ sí i pé kó padà wọlé. Ìyá arúgbó ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ti ọwọ́. Asiata ò dìde. Ẹ sì mọ̀ wá, ìkíni wa kì í tán bọ̀rọ̀: ẹ kú ewu, ẹ kú ogun, ẹ kú àjò, ilé ńkọ́. Ìbọn tún bẹ̀rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Gbogbo àwọn tó wà ní ìdúró sá sẹ́yìn ògiri. Òun nìkan ló wà nílẹ̀. Ọta ti ẹgbẹ́ wo ló bà á, kò sẹ́ni tó mọ̀. Sójà yẹn rákòrò lọ fà á wá, ó ń sunkún, ó ń bá òkú sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀.

"Boma dey for window," Mama Ibiere wí. "She see everything." Ó nawọ́ sí ìdí àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Tàófíìkì sunkún, kò fi pamọ́. Ó rántí ìlérí tó ṣe fún ìyá rẹ̀. Ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́? Ìyá mi, ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ kọ́ ọ ló pa á?

Ó béèrè bóyá òun lè mú ọmọ náà lọ. Mama Ibiere ní kó jẹ́ kí ogun tán ná, ọ̀nà ò dára, ọmọ náà ò sì mọ̀ ọ́n rí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Tàófíìkì ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó tó fún obìnrin tó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Kó tó rò ó, ara rẹ̀ ti ṣe ohun tó ti ń ṣe láti kékeré: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn níwájú ìyá arúgbó náà. "Ẹ ṣeun, Mama. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀. Ọwọ́ kékeré méjì di ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, wọ́n ń fà á. Boma ni. Ojú ọ̀nà ni ọmọ náà ń wò.

"Uncle, stand up," ló wí. "If you dey ground, you no go fit run."

Tàófíìkì dìde. Ọmọ náà ò fi í sílẹ̀ títí ó fi nàró dáadáa, ó sì gbọn iyanrìn kúrò láyà rẹ̀.

Adékọ̀yà ti ń dúró ní ẹnu títì. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. "Ọ̀gá, ṣé ẹ rí wọn?"

Tàófíìkì gbé kámẹ́rà lé itan. Ó fẹ́ gbọ́ bí ohun tó máa sọ fún ìyá rẹ̀ ṣe máa dún lẹ́nu òun kó tó délé.

"Ibà ló pa á," ló wí.