Àwòrán Tí Wọ́n Fi Wá Fareedah

Ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá sọnù, bó ṣe rí gan-an ni yóò ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ará àdúgbò. Bí ewúrẹ́ rẹ bá jẹ́ dúdú, o ò ní sọ pé funfun ni kí wọ́n bá ọ wá. Nímọ́tà mọ èyí dáadáa, kì í ṣe òpè. Síbẹ̀, nígbà tó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ní Rexdale, ní Toronto, tí àwòrán méjì wà níwájú rẹ̀, èyí tí kò jọ ọmọ ló mú.

Ọjọ́ Iléyá ni wọ́n ya àwòrán àkọ́kọ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Fareedah wọ ìbòrí aláwọ̀ eérú tó bò ó dé àyà, ó kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó dúró jẹ́ẹ́. Inú tẹlifóònù Tèmidire, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni èkejì ti wá, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n yà á. Ó fi àtáṣímẹ́ǹtì pupa dirun dé ìdí, ó kun ètè, èjìká rẹ̀ wà níta, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi pé gbogbo eyín rẹ̀ ló yọ, títí kan èyí tó gun orí èkejì rẹ̀ lápá òsì. Ẹni tó bá pàdé Fareedah lánàá, èyí ni yóò dá mọ̀.

Nímọ́tà ni àbúrò bàbá Fareedah. Ayé àwọn ṣọ́jà ló ti sá kúrò ní Nàìjíríà, ó sì ti pẹ́ ní Toronto débi pé ó ti gbàgbé òtútù tó kọ́kọ́ pa á lẹ́kún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú, òun ló mú ọmọ náà wá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Ọmọ ọ̀hún ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Nímọ́tà yìí kan náà ni Ìyá Àdínì mọ́ṣáláṣí wọn, ẹni tí àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ kí ní gbogbo Sọ́ńdè tí wọ́n bá ṣe àsàlátù. Oyè kékeré kọ́ lójú ẹni tó jẹ ẹ́.

Fareedah ti kó jáde nílé àǹtí rẹ̀, òun àti Tèmidire jọ ń gbé béésìmẹ́ǹtì ilé kan. Ṣùgbọ́n bí Sọ́ńdè bá ti dé, ó di dandan kó wá jẹun. Sọ́ńdè kan dé, kò wá. Wọ́n pè é, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Nígbà tó tún di ọjọ́ kejì, Nímọ́tà gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọlọ́pàábìnrin tó dá a lóhùn bi í irú iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe, Nímọ́tà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, iṣẹ́ alẹ́. Ohun tí Fareedah sọ fún un nìyẹn, kò tíì mọ̀ pé irọ́ ni. Ọlọ́pàá náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àgbàlagbà ni ẹni tí wọ́n ń wá yìí, ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ sinmi kúrò lọ́dọ̀ ẹbí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Tèmidire wá. Ọmọ Ìbàdàn ni, ìwé ló wá kà. Kò tíì bọ́ kóòtù òtútù tó fi kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe ilé arúgbó ni Fareedah ń lọ."

"Ibo ló wá ń lọ?"

"Ijó ló ń jó, Mọ́mì. Àwọn kilọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bọ́ra."

Nímọ́tà ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Àmọ́ wọn ò gbà á síbi tó dáa," ni Tèmidire wí. "Mo tẹ̀ lé e lọ sí audition, èmi ni mo bá a mú báàgì. Èyí tó wà lọ́nà airport yẹn, ó jó níbẹ̀, Mọ́mì, àwọn tó ń nulẹ̀ pàápàá pàtẹ́wọ́ fún un. Mẹ́nẹ́jà ní, 'We already have two Black girls on that shift.' Òyìnbó tó jó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò mọ ibi tó ń lọ, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ Friday. Ibòmíì ní kó máa wá ní Monday ọ̀sán, nígbà tí customer kankan ò sí. Ibìkan tún sọ fún un pé bó bá pupa díẹ̀ sí i ni. Ló bá lọ bá ọkùnrin kan tó máa ń kó wọn lọ jó fáwọn ọkùnrin ní private party, lọ́nà Bowmanville lọ́hùn-ún. Kò sí bouncer tó ń ṣọ́ wọn, kò sí nǹkan kan. Mo ní kó má lọ. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti ń ka iye dúdú tó wà nílẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló wá gbé e ní Friday."

"O ti sọ fún ọlọ́pàá?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mọ́mì. Wọ́n kọ ọ́ sórí permit tí mo fi ń kàwé níbí pé mi ò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Wọ́n lè ní èmi náà wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ní ká lọ báyìí, màá tẹ̀ lé yín."

Ẹ ò rí i pé ọmọ yẹn ṣe tirẹ̀. Ó fi ẹ̀rù rẹ̀ sápò, ó gbé òótọ́ wá bá àgbà. Ohun tí àgbà sì kọ́kọ́ rò, ká má parọ́, ni ojú àwọn obìnrin àsàlátù.

"Tèmidire, gbẹ́nu ẹ dákẹ́," ni Nímọ́tà wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n wọ́ orúkọ ẹ̀ nílẹ̀. Ilé arúgbó lọmọ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mọ́mì."

Àwa Yorùbá a máa gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí. Àdúrà tó dáa ni, èmi náà a máa ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọnù kò wá bíbò, rírí ló ń wá.

Bí wọ́n ṣe tẹ àwòrán Iléyá nìyẹn. Wọ́n kọ Fareedah Ọdúnlámì sí i gàdàgbà, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ ilé ire ni, olùtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n sì kọ nọ́ńbà Nímọ́tà sísàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé àwọn arúgbó, wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Newmarket. Ẹ̀rí ọkàn ò sì jẹ́ kí Nímọ́tà gbádùn. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó fọwọ́ ara rẹ̀ wakọ̀ lọ sọ́nà Bowmanville, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ilé epo ibẹ̀ pẹ̀lú téèpù tó nípọn. Ó rò pé ohun méjì lòun ń ṣe pọ̀, òun ń wá ọmọ, òun sì ń bo ọmọ. Ẹni tó ń lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Àwọn tó ń pe nọ́ńbà náà, àdúrà ni wọ́n ń pè é gbà. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun rí i.

Ohun tó ń dá Nímọ́tà lóró jù ni Sọ́ńdè ìkẹyìn tí ọmọ náà wá. Irun pupa yẹn ló gbé wọlé, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nímọ́tà wò ó látòkèdélẹ̀, ó fi oríkì pè é, ó ní, "Àṣàkẹ́, fi nǹkan bo orí ẹ jàre. Àwọn èèyàn ń bọ̀ nílé mi." Bí a bá fi Yorùbá bá Fareedah sọ̀rọ̀, òyìnbó ló fi ń dáhùn. Ó ní, "It's just hair, Auntie." Ṣùgbọ́n ó mú táwẹ́ẹ̀lì kan, ó fi wérí, ó sì jókòó jẹun. Orí ẹja ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún, ó jẹ ẹ́ dé eegun. Nígbà tó ń lọ, ó tú táwẹ́ẹ̀lì náà, ó ká a dáadáa, ó fi í sórí àga. Àǹtí rẹ̀ ò tún fojú kàn án mọ́.

Nígbà tí ara Nímọ́tà ò gbà á mọ́, ó lọ sí kilọ́ọ̀bù ọ̀nà airport yẹn lọ́sàn-án gangan. Ọkùnrin kìrìbìtì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, kámẹ́rà wà lókè orí rẹ̀. Mẹ́nẹ́jà jáde sí i, ó ń pè é ní "ma'am". Nímọ́tà na pósítà sí i. Ó wò ó dáadáa, kò sáré, ó ní òun ò rí obìnrin yìí rí láyé òun. Ó kù díẹ̀ kí Nímọ́tà dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló rántí fóònù, ó ṣí àwòrán kejì.

"Oh, her," ni mẹ́nẹ́jà wí. "Great dancer."

Nímọ́tà bi í pé bó bá mọ ijó jó, kí ló dé tí kò gbà á. Ó ní òun ti ní dúdú méjì lálẹ́ Friday, bí wọ́n bá di mẹ́ta, àwọn oníbàárà á máa ráhùn. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà o, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye ata tó yẹ kó wọ ọbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin òyìnbó kan parí iṣẹ́ ọ̀sán, tí ọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn sì sìn ín dé ìdí mọ́tò rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀ títí tó fi wakọ̀ lọ.

Nímọ́tà padà sínú mọ́tò tirẹ̀. Látìgbà tí ọmọ ti sọnù, ọmọ náà ló ń bínú sí. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bínú nítorí rẹ̀. Ẹni tó lè sin Fareedah dé ìdí mọ́tò wà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n lé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ẹni tó ti rí Fareedah lójúkojú wo pósítà òun, kò sì mọ̀ ọ́n.

Àgọ́ ọlọ́pàá ló gbà lọ tààrà, ó pe Tèmidire kó wá bá òun níbẹ̀. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Ọlọ́pàábìnrin náà ò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn bi Nímọ́tà pé ìgbà wo ló mọ̀. Nímọ́tà wo Tèmidire, Tèmidire ń wo ilẹ̀.

Ní Sọ́ńdè, wọ́n ti tẹ pósítà tuntun. Irun pupa, èjìká, eyín, gbogbo rẹ̀ pé. Ìyá Àdínì fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà wọlé.  Àwọn obìnrin kan ṣe bí ẹni pé wọn ò rí i. Alhaja Fatimoh, igbákejì rẹ̀, ẹni tí Nímọ́tà ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, dúró níwájú pósítà náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí ìwé náà tó fẹ́ ṣí mọ́ ara ilẹ̀kùn, ó ní, "Ọmọ wa rẹwà. Ẹ fún mi ní díẹ̀ kí n mú lọ síbi iṣẹ́." Nímọ́tà sunkún bí ọmọdé. Ohun tó ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá, kò tó bẹ́ẹ̀.

Pósítà tuntun yìí ni wọ́n gbé sórí fóònù kiri. Kò pẹ́ rárá tí obìnrin kan fi pè, ó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé epo kan lọ́nà Bowmanville, òun rí ọmọ náà. Nímọ́tà pe ọlọ́pàá, ó gbé Tèmidire sínú mọ́tò, wọ́n sáré lọ.

Ará Philippines ni obìnrin náà, ó ń gbowó nídìí káúńtà. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́ ni. Ọmọ náà wọlé láìwọ kóòtù, ó fi bàtà dání. Ọmọ náà ní ọkùnrin kan gba fóònù òun, ó ti òun mọ́ òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá títì láti ọjọ́ bíi mélòó kan, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè sá jáde ni. Obìnrin náà fún un ní kọfí, ó bi í bóyá ó ní ẹni tó fẹ́ pè. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ní àǹtí kan.

"Fóònù wa nìyẹn," ni obìnrin náà wí, ó nawọ́ sí ògiri.

Pósítà Iléyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù náà. Nímọ́tà dá téèpù rẹ̀ mọ̀.

Obìnrin náà ní ọmọ náà gbé fóònù, ó sì rí ìwé náà. Ó kà á, ó pẹ́ níbẹ̀. Òun bi í bóyá ó mọ ẹni inú àwòrán. Ọmọ náà ní rárá, ó ní ọmọ gidi nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló bẹ òun fún nǹkan tó lè fi bo orí. Òun fún un ní ìborùn òun, ó fi wérí, ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì, ó tún wo àwòrán yẹn. Ó tú ìborùn náà, ó ká a dáadáa, ó fi í sórí káúńtà, ó dúpẹ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Òun yíjú sí oníbàárà kan. Nígbà tí òun máa bojú wẹ̀yìn, ó ti jáde lọ sọ́nà márosẹ̀. Òun pe ọlọ́pàá pé òun rí ọmọbìnrin onírun pupa kan tí kò wọ kóòtù. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ pé wọ́n ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Tèmidire ti ń sunkún. Nímọ́tà ò sunkún. Ó lọ sídìí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha pósítà náà kúrò. Kò tètè ṣí. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ dáadáa.