Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Irin Láàárín

Ìyá Hephzibah ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, parking lot ilé ọmọ wọn ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà, ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni. Hephzibah, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift dé, òun àti ìyá rẹ̀ sì ń kó oúnjẹ tó rà jáde nínú mọ́tò. Bí òyìnbó obìnrin kan ṣe gun kẹ̀kẹ́ wọlé nìyẹn. Àpótí pákó ńlá wà níwájú kẹ̀kẹ́ náà, ọmọ méjì sì jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ọsàn.

Ìyá Hephzibah gbé àpò ìrẹsì ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Hephzibah, wá wo nǹkan! Ọmọ ló kó sínú àpótí yẹn?"

"Joanna nìyẹn, Mummy. Netherlands ló ti wá. Ìsàlẹ̀ wa níbí ló ń gbé."

Joanna kí wọn, Hephzibah sì ń túmọ̀ ohun tó ń sọ. Ó ní báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé nílùú àwọn, bí òjò ń rọ̀, bí òtútù ń mú. Aláboyún ń gun kẹ̀kẹ́, ọkùnrin tó wọ súùtù ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Òun gbé ní Japan rí. Níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ á gbé ọmọ kan síwájú, á gbé ìkejì sẹ́yìn, á tún fi ewébẹ̀ kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

"Obìnrin?" Ìyá Hephzibah ò yéé bèèrè. "Obìnrin ló ń ṣe gbogbo ìyẹn?"

Ní Òkèhò tí wọ́n dàgbà sí, iṣu àti igi ìdáná ni bàbá wọn ń fi kẹ̀kẹ́ kó. Irin gbọọrọ kan wà láàárín ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, àfi kó gbé ẹsẹ̀ sókè gan-an. Ta ló máa ró ìró tó máa ṣe irú ìyẹn lójú títì? Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé obìnrin sí, á kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Joanna wọlé lọ gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn jáde, dúdú, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wá sẹ́yìn. Ìyá Hephzibah na ọwọ́ síbi tó yẹ kí irin wà. Ọwọ́ wọn ò ba nǹkan kan.

"Bá mi bi í, ta ló yọ irin rẹ̀?"

Joanna rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́.

"Ó ní kò fìgbà kan sí níbẹ̀," ni Hephzibah wí. "Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó wọ aṣọ gígùn lè gùn ún ni."

Ìyá Hephzibah tún fi ọwọ́ la ibẹ̀ kọjá, lọ, bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n so ìró wọn le. "Ẹ bá mi dì í mú."

"Mummy! Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ṣé orúnkún yìí kọ́ ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ lójoojúmọ́?"

Joanna rẹ ìjókòó sílẹ̀ fún wọn, ó di ẹ̀yìn mú; Hephzibah di apá wọn mú. Kẹ̀kẹ́ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Apá wọn bọ́ mọ́ Hephzibah lọ́wọ́, ó sá tẹ̀ lé e títí ó fi ń mí hẹlẹ. Ó bojú wẹ̀yìn: Joanna ti jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ náà tipẹ́.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Wọn ò pariwo. Ẹ̀yìn wọn nà ró, ìró wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì ń bọ̀ wá pàdé wọn. Orí koríko ni kẹ̀kẹ́ náà ti rọra ṣubú.

Hephzibah sáré débẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ ní jíjókòó, tí wọ́n tẹjú mọ́ táyà tó ṣì ń yí, omi lójú wọn.

"Ṣé ẹ ò fara pa?"

"Ẹnikẹ́ni ò gbé mi," ni wọ́n ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ṣé o rí i? Èmi ni mo ń gbé ara mi lọ."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn koríko kúrò lára ìró, wọ́n sì juwọ́ sí Joanna pé kó wá tún bá wọn di kẹ̀kẹ́ náà mú.