Níbo Ló Ti Ya?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìyá mi ń rán aṣọ, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn tó ń rán aṣọ pọ̀ bí eṣú. Ohun tí ìyá mi ń ṣe rèé: ẹ gbé kóòtù tí iná sìgá jó, tàbí ṣòkòtò tí ìṣó fà ya, wá fún un. Yóò tu òwú díẹ̀ lára ìṣẹ́tí aṣọ yẹn gan-an, yóò fi abẹ́rẹ́ hun ún padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbà á padà, ẹ ó wá ojú ibi tó ti ya títí, ẹ kò ní rí i. Màmá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ojú kì í rí, ta ni yóò mọ̀ pé ó wà? Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ti dá páropáro. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá sọ pé tó bá di Sátidé, òun ń gbé mọ́tò bọ̀ wá gbé màmá lọ sílé òun, níbi tí yóò ti máa wo tẹlifíṣàn láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá mi kò fẹ́ lọ. Kò fẹnu sọ ọ́, àmọ́ mo rí i bó ṣe ń nu abẹ́rẹ́ tí kò dọ̀tí. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

"Màámi, pátákó ló kù," ni mo wí. "A máa ṣe pátákó ìpolówó fún yín."

Pátákó ni iṣẹ́ èmi àti ọkọ mi. Òun ń yàwòrán, èmi ń kọ ọ̀rọ̀. Àdéhùn wa láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra ni pé kí a fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín pátákó: apá òsì tirẹ̀, apá ọ̀tún tèmi, kí kálukú kọjú mọ́ tirẹ̀. Ìlà yẹn ni kò jẹ́ ká tíì pa ara wa.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ya ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tó ń dán, tí kọ́là rẹ̀ le gbagidi. Èmi kọ ìlà mọ́kànlá: aṣọ tó ya, aṣọ tó jó, aṣọ tí eku jẹ, èyí tí ìṣó fà. N kò fi ìkankan sílẹ̀. A gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù. Láàárín ọjọ́ méjì, èèyàn mẹ́sàn-án ti wọlé wá béèrè iye tí ìyá mi ń ta ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan tiẹ̀ ń béèrè bóyá aláwọ̀ búlúù wà.

"Ṣé wọn ò mọ̀wé kà ni?" Inú bí mi gidigidi.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n kà," ọkọ mi ní. "Kí wọ́n tó ka ìlà kejì ni wọ́n ti rí ṣẹ́ẹ̀tì mi."

"Ṣẹ́ẹ̀tì yín ló bà á jẹ́, olówó orí mi! Ta ló ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ bá ẹni tó ń tún aṣọ ṣe?"

Ọkọ mi gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó ya àwòrán ojú ibi tó fà ya gbàgà sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó sì ya òwú dúdú tí wọ́n fi rán an, bí ẹni rán ẹnu àpò ìrẹsì.

Láàárọ̀ Wẹ́sidé, ìyá mi yọjú, ó ké.

"Ta ló rán irú ìyẹn? Èmi? Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́! Ẹ pa á rẹ́, kíá! Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì, kálukú yín ń ṣe tiẹ̀!"

Ojú tì wá. Ọkọ mi fi ọ̀dà funfun pa ojú yíya náà rẹ́ pátápátá. Èmi náà fi ìbínú ha ìlà mọ́kànlá mi kúrò. Ó wá ku ṣẹ́ẹ̀tì nìkan. Mo jókòó tì í, mo káwọ́ lérí.

Ìgbà náà ni oníwèé ìròyìn tó ń tajà lódìkejì títì sọdá wá. Ó ti rí ojú yíya náà nígbà tó ń pàtẹ láàárọ̀. Ó sún mọ́ pátákó títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ẹ dákun," ó ní, "ṣebí ṣẹ́ẹ̀tì yìí ya láàárọ̀? Níbo ló ti ya?" Ó ń fi ìka wá a kiri.

Orí mi wú! Mo fò dìde, àga mi ṣubú. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ohun tó ń ṣe!" Mo di ọkọ mi lápá mú. "Kò rí i, ó sì ń wá a! Iṣẹ́ Màámi gan-an nìyẹn!"

Ọkọ mi wò mí, ó wo oníwèé ìròyìn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́! Kọ ohun tó sọ yẹn síbẹ̀!"

"Apá ibo ni kí n kọ ọ́ sí?"

"Ibi tó bá wù ẹ́." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ nu ìlà ṣọ́ọ̀kì wa nù.

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì. Lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, láti òsì dé ọ̀tún, mo kọ ọ́ gàdàgbà: NÍBO LÓ TI YA? Lábẹ́ ìyẹn, mo kọ ọ́ kékeré pé Màmá Abẹ́rẹ́ ló tún un ṣe. Ó parí. Èmi oníìlà mọ́kànlá!

Ẹ wá wòran lọ́jọ́ kejì! Awakọ̀ dúró, nọ́ọ̀sì dúró, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jiyàn: ọ̀kan ní abẹ́ kọ́là ni, èkejì ní apá ni. Bàbá àgbàlagbà kan bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́ padà. Bí wọ́n bá ti wá a tì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wo aṣọ ọrùn tiwọn, wọ́n á sì wọlé. Kò sẹ́ni tó béèrè iye ṣẹ́ẹ̀tì mọ́. Nígbà tó fi máa di Fúráídè, aṣọ ti kún orí tábìlì, inú mi sì ń dùn débi pé n kò lè jẹun.

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú àpótí ńlá méjì tó ṣófo. Ó bá èrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó tẹjú mọ́ pátákó, ó tẹ orí sósì, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ń wá a ni?"

"Dákẹ́ ná. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i."

"Ta ló dúró síbẹ̀ yẹn tó dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi?" Ìyá mi ló pariwo láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé.

"Màámi, èmi ni. Mo wá gbé yín."

Ìyá mi kò gbójú sókè kúrò lórí abẹ́rẹ́. "O ṣeun, ọmọ mi. Èèyàn mẹ́rin ló wà níwájú ẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi wo abẹ́rẹ́ tó ń sáré lọ́wọ́ Màámi. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí méjèèjì sílẹ̀, ó yí padà, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ń lọ ni?"

"Lọ síbo?" Ó ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò. "Kóòtù mi kan wà níbí tó ti ya látọdún tó kọjá. Tètè lọ bá mi di ààyè mi mú, kí wọ́n má gbà á."