Ilé Ẹ̀rọ Ọ̀nà Kuta

Láti ìgbà tí Ajíbóyè ti kú ni ilé ẹ̀rọ tó kọ́ sí ọ̀nà Kuta ti wà ní títì. Àbẹ̀ní, ìyàwó rẹ̀, kì í fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Kí Ajíbóyè tó gbé ẹ̀rọ dé, odó irin làwọn tó ń wá wúrà fi ń gún òkúta, títí ọwọ́ á fi bó. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta wá láti apá Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ̀lùbọ́, wọn á fi omi ṣàn án, wúrà á sì jókòó sí ìsàlẹ̀ igbá. Tòun ti eruku funfun lójú àti nírun làwọn òṣìṣẹ́ ń padà sílé, àwọn ọmọ wọn á sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní ikọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Nígbà tó yá, Ajíbóyè ò lè gun òkè mọ́ láìjókòó sinmi. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Afeez nìkan, tó ń gbé ní Olúpọ̀nnà.

Lọ́dún yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìwó, Dàpọ̀, wá dọ̀bálẹ̀ fún Àbẹ̀ní.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ilé ẹ̀rọ yẹn fún mi. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú á ríṣẹ́ ṣe."

"Dìde, ọmọ mi," ni Àbẹ̀ní wí. "Kọ́kọ́ sìn mí dé ibì kan."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Olúpọ̀nnà. Afeez jókòó, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Èémí rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gba ojú ihò kékeré. Dàpọ̀ ṣàlàyé ohun tó bá wá.

"Ta ni yóò dúró ti ẹnu ẹ̀rọ?" ni Afeez bi í.

"Àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá gbà ni, Bàbá. A máa fún wọn ní ìbomú."

"Àwa náà so aṣọ mọ́mú. Bí ooru bá mú, a ó tú u, eruku á sì wọnú àyà wa lọ. Ṣé o ní àbúrò ọkùnrin?"

"Mo ní, Bàbá."

"Ṣé wàá fi òun síbẹ̀?"

Dàpọ̀ dìde, ó bá a tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn rẹ̀ tò.

Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnu ọ̀nà Àbẹ̀ní, Dàpọ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àbẹ̀ní pe wẹ́dà kan pé kó wá gé ẹ̀rọ náà sí wẹ́wẹ́. Dàpọ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi iyẹ̀pẹ̀ bo òkìtì eruku tó wà lẹ́yìn ilé náà, kí òjò má baà gbá a lọ sínú odò. Àbẹ̀ní dúró síbẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni pé àná ni ọkọ rẹ̀ kú.

"Ẹ̀rọ yìí náà la fi rán àwọn ọmọ wa níléèwé," ló ń wí ṣáá.

Afeez kú kí Iléyá tó dé. Dàpọ̀ wà lára àwọn tó gbé e lọ sí ibojì.