Àáró Tí Sàníù Jẹ

"Oko Fọlọ́runṣọ́ ni mo ní kí o júwe fún mi." Sàníù dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ ní Ṣáṣá, ọkọ́ ń bẹ léjìká rẹ̀.

Mùjíbátù kúnlẹ̀ kí i. "Bàbá, Fọlọ́runṣọ́ ò lóko."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Sàníù. Èpò ti fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ l'Ákínyẹlé. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró ti darúgbó, àwọn ọmọ wọn sì ti gun ọ̀kadà lọ. Ni Mùjíbátù bá rán géńdé tó ń jẹ́ Fọlọ́runṣọ́ yìí sí i. Ó ro oko náà mọ́ féfé, ó jẹ iyán, ó dúpẹ́, ó lọ. Sàníù kò tíì jẹ àáró ẹnikẹ́ni kí ó má san án. Kò sì fẹ́ gbé ti ẹni yìí wọ sàréè.

Mùjíbátù ṣàlàyé títí. Ó ní àwọn èèyàn a máa pe òun lórí fóònù, òun a sì rán òṣìṣẹ́ sí wọn: ẹni tí yóò fọ ilé, ẹni tí yóò lọ aṣọ, ẹni tí yóò roko. Ó ní Fọlọ́runṣọ́ ń gba owó oṣù, kò sí ohun tí bàbá òun jẹ ẹ́.

"Kí lo wá ń tà gan-an?"

"A kì í ta nǹkan kan, Bàbá. A ń báni ṣiṣẹ́ ni."

"Àáró náà kọ́ nìyẹn? Ta ló ń dá a padà?"

Mùjíbátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó gbé e mì.

Fọlọ́runṣọ́ jáde pẹ̀lú korobá, ó dọ̀bálẹ̀. Sàníù bi í léèrè oko rẹ̀. Ó ní yàrá kan ni òun háyà, sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹgbẹ́dá, Bàbá. Mo fẹ́ lọ fọ fèrèsé ilé kan."

"Ta ló nilé?"

"N ò mọ̀ wọ́n."

Sàníù wò ó títí. Èèyàn ń bá ẹni tí kò mọ̀ ṣiṣẹ́, ẹni náà kò sì ní wá san án padà. Ayé wo nìyí? Ó gbé ọkọ́ lé Mùjíbátù lọ́wọ́, ó kọjú sí kẹ̀kẹ́ Márúwá tí Fọlọ́runṣọ́ ti wọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á ní mo fi bàbá mi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀."

Sàníù wọ inú kẹ̀kẹ́ náà. Ó jókòó ti Fọlọ́runṣọ́.

"Sún díẹ̀," ni ó wí. "Tí a bá débẹ̀, wàá fi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ hàn mí."