Koríko Tí Wọ́n Jù fún Mabel

Aago méje àárọ̀ ò tíì lù tí Idiat fi rí i pé Mabel ti kú. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ikùn rẹ̀ wú tantan. Otis, èkejì rẹ̀, dúró tì í, ó gbé imú lé e lọ́rùn, kò mì. Èyí tó kù nínú òkìtì koríko tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ti rà, ó ń rùn, inú rẹ̀ ṣì ń gbóná.

Idiat ò sunkún. Inú ló bí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Bọ́ọ̀sì ló ń wà ní Woolwich fún ọdún mọ́kàndínlógún kí orúnkún tó ní kó sinmi. Ọdún kẹta rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yìí ní Thamesmead East, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí àwọn èèyàn pa tì. Abẹ́ afárá kan ni wọ́n ti rí Mabel àti Otis, tí okùn ti wọ Mabel lẹ́ran ọrùn. Oṣù mẹ́jọ ni Idiat fi wẹ egbò yẹn kó tó jinná.

Ó mọ ẹni tó da koríko náà. Uncle Jeremiah ni, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kan fẹ́ǹsì wọn. Ìgbàkígbà tó bá gé koríko, á kó o jù sọ́dọ̀ àwọn ẹran. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Idiat ti lọ bẹ̀ ẹ́ pé irú koríko bẹ́ẹ̀ máa ń rà sí wọn nínú, ó sì máa ń pa wọ́n. Ẹ̀rín ni bàbá fi dá a lóhùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun ò tìtorí àtimáa gbóòórùn ìgbẹ́ ẹṣin wá sí London.

Idiat yípo lọ sí ojúlé rẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Bàbá jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ife tíì lọ́wọ́.

"Uncle, ẹ ti pa á."

"Mo pa kí ni?"

"Mabel. Koríko yín ló pa á."

"Ẹ káàárọ̀ ńkọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá bẹ̀ yín, Uncle!"

Bàbá mu tíì díẹ̀. "Aago méjì ọ̀sán àná ni mo da koríko yẹn. Aago mẹ́fà ni ìwọ ń lọ sílé. Mo rí ẹ. O dúró, o wò ó, o kọjá. Ṣé mo parọ́?"

Kò parọ́. Orúnkún ń dun Idiat lánàá, bọ́ọ̀sì ti fẹ́ dé, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á kó o láàárọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ba òun gan-an lẹ́rù.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ìkà ni ọ́. Àgbàyà!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò pe ẹni tó jù ú lọ tó báyẹn ní ìwọ rí. Tíì dà sí bàbá lọ́wọ́.

"Bernice! Bernice, wá gbọ́ o! Ó pè mí ní ìwọ! Nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́!"

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde, ó ń so gèlè. "Idiat, kí ló dé?"

"Mummy, ẹ má dá sí i. Bó bá tún ju ewé kan ṣoṣo, ìgbẹ́ ẹṣin ni màá fi dí ẹnu ọ̀nà yìí pa."

"Kúrò nílé mi!" Bàbá ti ilẹ̀kùn gbàà.

Nígbà tí Idiat máa fi padà, lọ́rì tó fẹ́ gbé òkú ti dé. Zoe, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Woolwich, tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, dúró ní géètì.

"Auntie, driver ní òun ń kánjú."

"Kò ní gbé e. Otis ò tíì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀; tí wọ́n bá gbé e báyìí, á máa wá a kiri."

Ó lọ dúró níwájú lọ́rì. Ọkùnrin náà fun fèrè, ó bú u, Idiat bú u padà. Nígbà tó yá, ó wakọ̀ lọ. Ọ̀sán ti pọ́n kí Otis tó fúnra rẹ̀ kúrò nídìí òkú, ìgbà náà ni wọ́n tó pe lọ́rì padà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bernice wá sí géètì. "Bàbá ní kó o wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ á parí. Ẹran ṣáà ni, Idiat."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Idiat fi àgádágodo ti géètì mọ́ ọn.

Ó wá kọjú sí Zoe. "Mo rí koríko yẹn lánàá. Mo rí i, mo lọ sílé."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi kó o?"

"Ó rẹ̀ mí."

Zoe wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ bá àwọn ẹṣin. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló ń bá a sọ. Wọ́n ṣe fẹ́ǹsì kejì sínú ti àkọ́kọ́, kí ohun tí bàbá bá jù má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹran mọ́, Idiat ló di àwọn òpó rẹ̀ mú. Jeremiah jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń wò wọ́n. Ẹnì kankan ò kí ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ kẹrin, Otis jẹ koríko gbígbẹ lọ́wọ́ Zoe. Nígbà tí Idiat na tirẹ̀ sí i, ó kẹ̀yìn sí i. Idiat da koríko náà sílẹ̀ fún un, ó gbé ṣọ́bìrì, ó lọ kó ìgbẹ́.