Òwú Pupa Lọ́rùn Kóòtù

Àwọn tó mọ ìyá Ẹnudùnjuyọ̀ nígbà tí apá rẹ̀ ṣì le máa ń sọ pé bí ẹ bá gbé adìyẹ dúdú fún un láàárọ̀, lékélèké lẹ máa gbà lọ́sàn-án. Alágbàfọ̀ ni. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ń fọṣọ fún odindi àdúgbò, aṣọ dókítà, aṣọ tíṣà, aṣọ àwọn tó ń kun ọkọ̀. Bí wọ́n bá kó gbogbo ìfòfò ọṣẹ tó ti lò jọ, kí wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọsánmà fúnra rẹ̀ á yẹ̀ lọ́nà fún un. Ìdí ọpọ́n ìfọṣọ ló ti tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Aṣọ ẹnìkan kì í ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tí ìyá máa ń fi òwú rán sínú ọrùn aṣọ rẹ̀. Òwú búlúù, ojú abẹ́rẹ́ méjì, dókítà nìyẹn. Òwú dúdú, ojú mẹ́ta, tíṣà ni. Òwú pupa jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ nìkan: ojú abẹ́rẹ́ méjì tó dábùú ara wọn, bí ẹni tó ká apá méjèèjì mọ́ àyà.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìfọṣọ wọ ilé gbogbo èèyàn. Àwọn oníbàárà ń yọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó, títí ó fi ku ẹyọ kan, Ẹnudùnjuyọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá ò sì yé rán àmì.

“Ẹni tó bá ní oníbàárà kan,” ìyá á wí, “ẹ má pè é ní aláìríṣẹ́.”

Ilé ìtura ńlá kan ni Ẹnudùnjuyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, òun ló máa ń gba àlejò ní àbáwọlé. Orúkọ Ẹnudùnjuyọ̀ tí wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ ro ó gan-an: ó lè purọ́ fún òjò pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, kí òjò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Kóòtù wúùlù dúdú ni wọ́n fún un wọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ìyá máa ń fi omi tútù fọ̀ ọ́, tí á rọra fún un, tí á sì sá a sínú ibòòji. Ṣùgbọ́n wúùlù ò rí bí aṣọ yòókù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, èjìká rẹ̀ ń dán bí orí apárí, etí ọrùn rẹ̀ sì ká sókè.

Ọ̀gá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn ní ọjọ́ Ẹtì kan.

“Kí ló ṣe kóòtù ẹ tó na etí bí ajá tó gbóhùn ológbò?”

“Ọ̀gá, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín ni o!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó yí inú kóòtù náà síta, ó fi ìka tọ́ka sí àkọlé tó wà níbẹ̀.

“Wọ́n kọ ọ́ síbí pé omi ò gbọdọ̀ kàn án. Gbé e lọ sí dírááì-kílíìnì. Bí mo bá tún rí etí yìí lọ́jọ́ Ajé, inú yàrá ẹrù lo ti máa gba àlejò.”

Kò gba ilé lọ tààrà. Ilé dírááì-kílíìnì tó wà ní igun òpópónà ló gbà lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ àti èròjà fọṣọ láìjẹ́ kí omi kàn án. Nígbà tó máa gbà á padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ká má purọ́, iṣẹ́ náà dára. Kóòtù dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun. Eṣinṣin kan bà lé èjìká rẹ̀, ó yọ̀, ó ṣubú, ó ń tiro nílẹ̀.

Ẹnudùnjuyọ̀ ya ọ̀rá tí wọ́n fi wé e dànù, ó gbé kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga nílé, ó rò pé ìyá ò ní mọ̀. Ìyá ń kọjá lọ, ó ti ìka bọ ọrùn kóòtù bó ṣe máa ń ṣe. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ìka rẹ̀ ló fi ń ríran. Kò bá òwú níbẹ̀. Àwọn dírááì-kílíìnì ti rò pé òwú tó já ni, wọ́n ti tú u.

“Aṣọ ta nìyí?”

Òótọ́ ti dé orí ahọ́n Ẹnudùnjuyọ̀. Ó ku kó tu ú sílẹ̀. Irọ́ ló sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ti ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ni, Màámi. Ó rí iṣẹ́ ọwọ́ yín lára tèmi, ló bá ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Mo gbàgbé tèmi síbi iṣẹ́.”

Ìyá fọwọ́ di àga mú. “Oníbàárà tuntun?”

“Òpó-Iná la máa ń pè é. Ó ga débi pé ẹyẹ máa ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Ṣé ó máa ń làágùn?”

“Bí odò, Màámi.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu fèrèsé, ó ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́. Ẹnudùnjuyọ̀ fẹ́ bá a ti òwú náà bọ abẹ́rẹ́, ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni ń ti ràkúnmí gba ihò eèrà. Àwọ̀ ewé ló fún Òpó-Iná, ojú mẹ́ta, gúnrégé. Lẹ́yìn náà ló ki kóòtù bọ omi.

Nígbà tó máa fi gbẹ lọ́jọ́ Àìkú, etí ti tún ká. Ní kùtù ọjọ́ Ajé, Ẹnudùnjuyọ̀ gbé e sábẹ́ apá, ó ní kí àwọn dírááì-kílíìnì bá òun fi ooru tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ó sáré lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá wò ó, ó mi orí pé ó dáa. Àfi ìgbà tí òjò pa á lọ́nà ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó wọlé tó ń gbọ̀n. Ìyá sáré wá bá a bọ́ kóòtù. Ìka rẹ̀ kan ọrùn kóòtù. Ó dúró.

Ojú mẹ́ta. Gúnrégé.

“Òpó-Iná ló yá ẹ ní kóòtù ni?”

Ẹnu tó dùn ju iyọ̀ gbẹ bí amọ̀.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́...”

“Mo mọ̀ pé wúùlù ò fẹ́ omi,” ìyá wí jẹ́ẹ́. “Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó pé màá sọ fún ẹ pé kó o gbé e lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n fọ̀, kí n máa fọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ojú ló ń tì mí. Ká ní o sọ ọ́ fún mi, à bá jọ rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ máa fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, Màámi. Ṣẹ́ẹ̀tì ò nílò ẹ̀rọ kankan, omi àti ọwọ́ yín ló ń fẹ́.”

“Inú mi mà dùn lọ́jọ́ Sátidé yẹn o.” Ìyá fi kóòtù lé e lọ́wọ́. “Alágbàfọ̀ tí wọ́n bá ti ń fi oníbàárà irọ́ tù nínú, kó lọ sinmi.”

Ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó da ojú ọpọ́n dé.

Ẹnudùnjuyọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ìyá ò bínú, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, wọ́n jọ ń jẹun, àmọ́ kò ṣí ọpọ́n yẹn mọ́. Ẹnudùnjuyọ̀ ló ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí, kóòtù ń lọ sí dírááì-kílíìnì, ọ̀gá sì ń yìn ín lójú àlejò. Ọwọ́ ìyá, tí ọṣẹ ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ di èèpo igi, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bó bá ti fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ lórí láàárọ̀ láti súre fún un, Ẹnudùnjuyọ̀ á mọ bó ṣe ń rọ̀ sí i, á sì bojú wolẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí ìyá sùn lọ lórí àga, ó wá òwú pupa. Abẹ́rẹ́ gún un níka níye ìgbà tí kò lè kà. Ó rán ojú méjì tó dábùú ara wọn sí ọrùn kóòtù. Ó wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, àmọ́ ó dúró.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tó lọ gba kóòtù ní dírááì-kílíìnì. Obìnrin tó ń dúró síwájú níbẹ̀ nà án sí i nínú ọ̀rá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bùọ̀dá, òwú pupa kan ló já lọ́rùn kóòtù yín. A ti bá yín tú u kúrò. Ọ̀fẹ́ ni o.”

Ẹnudùnjuyọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, wọ́n ti lanu sílẹ̀ de àwàdà rẹ̀. Wọ́n dúró títí, ó ti ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó ń fi ìka wá òwú lọ́rùn kóòtù.